Àtẹ̀gùn Tó Wà Lọ́wọ́ Òsì

Ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Iná pupa yẹn ló fi hàn pé ó ń gbọ́, àbí? Ó dáa. Ràfíátù, jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹ, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ má sì máa wo fóònù bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wá gba ohùn mi sílẹ̀, ìtàn ayé àtijọ́ lẹ ní kí n sọ, mo sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín ò pọ̀ nínú èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbẹ́ kòtò ẹ̀gbin sórí ìyá mi, fọ́tò tí ẹ tẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á. Mi ò bú yín o. Mo kàn fẹ́ kó wà nínú ẹ̀rọ yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹlòmíì má baà máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Agboolé wa wà nínú òpópó tóóró kan lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ni, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àgbàlá sì wà láàárín. Láyé ìgbà yẹn, bí àgbà tàbí abiyamọ bá kú nínú ilé, wọn kì í gbé e lọ síbi tó jìnnà. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ sàréè sí. Àwọn àfáà á kírun sí i lára, wọ́n á sin ín, wọ́n á rẹ́ ilẹ̀ náà padà, kò sì ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi tẹ́ ẹní sórí ibẹ̀ tí á máa sùn. Kò sí òkúta, kò sí àkọlé. Kí la fẹ́ fi àkọlé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló mọ ẹni tó wà níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe sin ìyá mi nìyẹn. Mo kéré gan-an nígbà náà. Inú yàrá yẹn náà ni ìyá bàbá mi kó èmi sí lẹ́yìn rẹ̀, orí ibẹ̀ ni mo sì sùn títí mo fi lọ sílé ọkọ. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Mo máa ń fi ẹjọ́ ẹni tó nà mí sùn ún.

Yàrá yẹn wà nídìí àtẹ̀gùn. Bí èèyàn bá wọlé láti ojú títì, àtẹ̀gùn á wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, yàrá ìyá mi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo sọ sínú ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ lè lọ gbọ́ ọ.

Àtẹ̀gùn pákó ni, ó sì máa ń dún. Ìró rẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Bí bàbá mi bá ń sọ̀ kalẹ̀, á máa dún wúwo, á máa dún díẹ̀díẹ̀, àwọn ìyàwó ilé tó ń ṣòfófó nídìí ààrò á sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ata ṣe wọ́n lọ́jà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, méjì méjì ló máa ń fò ó, ìyá bàbá mi á sì máa ṣépè fún un láti inú yàrá. Ẹ̀yin ń gun líífítì báyìí. Ẹ kì í mọ ẹni tó ń bọ̀ títí ilẹ̀kùn á fi ṣí lójú yín.

Ọdún Èyọ̀ kan wà tí àlejò kan wá sọ́dọ̀ wa láti Ìjẹ̀bú. A ti sọ fún un pé kó má wọ bàtà jáde, pé èèwọ̀ ni níwájú Èyọ̀. Ó ní sálúbàtà òun tuntun ni, pé ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀ òun láàárín èrò. Kò tíì dé ìkóríta tí àwọn Èyọ̀ fi rí i. Aṣọ funfun kún gbogbo òpópó, ọ̀pámbàtà tí wọ́n fi ń na èèyàn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yìí sáré padà, ó já wọlé, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó fò lé àtẹ̀gùn, pákó kan sì dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló há sí, sálúbàtà ń fì lẹ́sẹ̀ kejì. Ìyá bàbá mi lọ bẹ àwọn Èyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yíjú padà. Títí ọdún fi parí, ọkùnrin náà ò tún yọjú sí títì mọ́, inú ilé ló ti ń gbọ́ orin. Pákó tí wọ́n fi dí ibẹ̀ kò bá àwọn tó kù mu, gbogbo wa la sì ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Nígbà tí ìjọba ń wó ilé ní Èkó láyé àtijọ́, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Sùúrùlérè, wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa fúnra wa la wá wó o. Ògiri ti là, òjò ń wọ yàrá, apá kan pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti tẹ̀. Mùsíbáù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olórí ẹbí báyìí, pe gbogbo wa jọ, ó ní ká tún ilé náà kọ́ kó tó pa èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n gbé mi wá sọ́dọ̀ ọmọ mi, ìyá Ràfíátù, ní Ọbáléndé níbí. Ìgbà tí mo padà lọ wò ó, yanrìn gbalasa ni mo bá. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo dá mọ̀, nítorí gọ́tà tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ Mùsíbáù. Sọ́kàwéè ilé tuntun náà, kòtò tí gbogbo omi ilé ìgbẹ́ máa ń dà sí, mo ní kó má ṣe bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ìyá mi wà. Ilẹ̀ náà kéré, ọwọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà tàbí ọwọ́ òsì nìkan ni kòtò lè wà. Ó gbà. Ó ní òun á fi apá ibi tí màmá wà sílẹ̀ lófìfo, òun ò ní gbé nǹkankan lé e. Mo ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí à ń pè ní agbépòó. Nígbà tiwa kò sí sọ́kàwéè, àwọn ló máa ń wá ru garawa ìgbẹ́ lọ, wọ́n sì máa ń bo ojú kí a má baà mọ̀ wọ́n. A ò gbọdọ̀ tutọ́ bí wọ́n bá ń kọjá, a ò gbọdọ̀ dimú. Ọmọ kan nílé kejì sí wa fi orin bú ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin náà sọ garawa kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó dà á nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo òpópó ló bá wọn pín in. Obì ni àwọn àgbà ilé náà fi lọ bẹ̀ ẹ́, ọmọ yẹn sì jẹ pàṣán. Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, kòtò.

Ibẹ̀ la bá ọ̀rọ̀ dé tí ẹ fi rí àpótí Bàbá Onífọ́tò, ẹni tó máa ń ya gbogbo àdúgbò wa ní fọ́tò láyé àtijọ́, lókè àjà ilé àwọn ọmọ rẹ̀. Mo mọ bàbá náà dáadáa. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń dúró, á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, inú dígí ni àwòrán sì máa kọ́kọ́ wà kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọjọ́ Iléyá ló wá ya àwọn ará ilé wa. Ohun tó jẹ́ kí n rántí ni pé mo sá. Mo rò pé aṣọ dúdú yẹn ti jẹ orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí nínú fọ́tò tí ẹ tẹ̀ láti ara dígí inú àpótí náà, tí Ràfíátù gbé wá fún mi.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú láyà, ó ń fi èkejì gbé àwo ẹran kékeré fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, àtẹ̀gùn sì wà lẹ́yìn bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò rí ojú ìyá mi mọ́ láti ọjọ́ tó ti kú. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ojú náà ti kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà pípẹ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù. Mo wá rí i, ọmọdé ni. Kò tó Ràfíátù. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ọjọ́ náà, ojú yẹn nìkan ni mò ń wò. Mi ò wo ohun mìíràn nínú fọ́tò náà.

Mùsíbáù ló wo àtẹ̀gùn. Ó yà kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí.

Ó ní, “Ìyá, ẹ ní ọwọ́ òsì ni àtẹ̀gùn wà.”

“Ọwọ́ òsì ni.”

“Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹni tó ya fọ́tò yìí kẹ́yìn sí títì. Àtẹ̀gùn rèé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn yàrá rèé nídìí rẹ̀.”

Mo ní, “Mùsíbáù, inú yàrá yẹn ni mo dàgbà sí.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Àmọ́ ó ti pẹ́.”

Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ká ní ó fi ohùn líle sọ ọ́ ni, ǹ bá rí ohun tí n ó fi bá a jà. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé ìkòkò kaná tí mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi jóná, tí mo sì pe Ràfíátù ní orúkọ ìyá rẹ̀ lójú àlejò. Mo rí bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe wo ara wọn. Ẹ rò pé mi ò rí yín? Mo rí yín.

Mùsíbáù ní òun ti gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀rọ, òun sì ti rí fọ́tò, fọ́tò lòun máa gbà. Ó ní kò sí ẹni tí a tún lè bi, nítorí gbogbo àwọn tó mọ ilé náà ti lọ tán. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa gbẹ́, lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn rin ilé náà. Mo lọ pọn omi lẹ́nu pọ́ǹpù, níbi tí a ti máa ń to garawa sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó là, tí àwọn obìnrin ti máa ń fa ara wọn láṣọ ya nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Mo gbé garawa karí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, mo wọlé, ọwọ́ òsì mi sì kan ara àtẹ̀gùn. Bí mo ṣe rìn ín tó, òsì ni. Mo ṣí ojú, mo wo fọ́tò, ọ̀tún ni. Mo ní tí mi ò bá mọ ibi tí ìyá mi sùn sí, kí ni mo wá mọ̀? Gbogbo ohun tí mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé mo kàn ń lá àlá ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ràfíátù po tíì fún mi, mi ò lè mu ún. Mo gbé fọ́tò náà lé itan. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi pé mi ò lè gbà á sílẹ̀. Mo na ọwọ́, mo fẹ́ fi ìka kan ọwọ́ tó fi gbé àwo. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ọwọ́ òsì ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, lọ́jọ́ Iléyá, lójú gbogbo ilé, ó ń fi òsì gbé ẹran fún un. Ìyá bàbá mi, tó jẹ́ pé bí o bá fi òsì na abẹ́rẹ́ lásán sí i, á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ ni, kí ó tó gbá ẹ létí, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi òsì gbà á. Mo wo bàbá mi. Òsì ló fi ń ka tẹ̀sùbáà.

Mo pe Ràfíátù. Mo ní, “Ṣé fọ́tò lè sọ ọ̀tún di òsì?”

Ó kọ́kọ́ wò mí bí wọ́n ti ń wò mí láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo fi ìka lé ọwọ́ ìyá mi, mo fi lé ti ìyá bàbá mi, mo fi lé ti bàbá mi. Ó ní, “Ìyá àgbà, dígí ni. Dígí ní ojú méjì. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́…” Kò parí rẹ̀. Ó ti ń wá fóònù rẹ̀ kiri abẹ́ ìrọ̀rí.

Mùsíbáù ò gbé ìpè. Ràfíátù tún pè é, kò gbé e. A wọ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu gáréèjì. Inú kẹ̀kẹ́ ni Ràfíátù ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí dígí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn yẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù pé, “Háà, a dojú ẹ̀ délẹ̀ lóòótọ́.” Mi ò rí ààyè yọ̀. Ọ̀nà ti dí. Láyé àtijọ́, mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Ọbáléndé dé ilé kí ìrẹsì tó jiná, tí mo bá sì ti wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tí mò ń kí ló máa ń dá mi dúró. Báyìí, ọjà ló gba gbogbo títì. Ìdì aṣọ wà nílẹ̀, ike wà nílẹ̀, aláàárù ń pariwo “àgò” lẹ́yìn, ọlọ́mọlanke ń bú èèyàn níwájú. Kò sí ojú kan tí mo mọ̀. Nígbà tó yá, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ wá kalẹ̀. Ràfíátù di apá mi mú, mo sì rìn bí mi ò ṣe rìn mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

A débẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan wà nínú kòtò tó ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń da yanrìn sókè. Mo ní kó dúró. Ó ní, “Màmá, ẹ máà bínú, ọ̀gá ló ní ká gbẹ́ ẹ.” Mi ò bá a fà á. Mo jókòó sórí yanrìn, mo sì ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú kòtò náà. Kò lè gbé ṣọ́bìrì mọ́, àfi tó bá fẹ́ gbá mi lẹ́sẹ̀.

Mùsíbáù sáré dé, yanrìn kún fìlà rẹ̀. “Ìyá, ẹ dìde, ẹ ó ṣubú. Àwọn èèyàn ń wò wá.”

“Jẹ́ kí wọ́n wò. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Fún mi lómi.”

Ó wojú Ràfíátù. Ó mú omi inú ọ̀rá kan lára tàwọn òṣìṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nà án sí mi. Mi ò gbà á.

“Ọwọ́ wo lo fi ń fún mi?”

“Ọwọ́ ọ̀tún, Ìyá.”

“Kí ló dé tí o ò fi òsì fún mi?”

Inú ti ń bí i. “Ṣé mo ya wèrè ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbá mi létí lórí ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.”

“Ta ló gbá èmi létí?”

“Ìyá bàbá yín ni, mo ti gbọ́.”

Mo fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́. “Wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.”

Ó wò ó. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ó ṣí fìlà lórí. Ó sọ fún ọkùnrin inú kòtò pé kó jáde.

Ọkùnrin náà gun òkè wá, ó nu ojú, ó ní, “Ọ̀gá, mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀. Gbogbo ibi tí a gbẹ́ ló le. Ibí yìí nìkan ló rọ̀. Ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ rí.”

Mo yọ ẹsẹ̀ mi kúrò nínú kòtò.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àfáà láti mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, ó ṣàdúrà, ó ní kí wọ́n dá yanrìn náà padà. Mo ní yanrìn tí wọ́n gbẹ́ jáde gan-an ni kí wọ́n dá padà, kí wọ́n má da òmíràn sí i. Ọkùnrin yẹn gbé ṣọ́bìrì, Mùsíbáù sì dá a dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá mi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti àwa obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin mọ́. A ò rí nǹkankan. Ìró ṣọ́bìrì nìkan la gbọ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì di ọwọ́ náà mú, mi ò fẹ́ kó fọ̀ ọ́. A jọ sunkún títí oorun fi gbé wa lọ. Ó ti sọ ọ́ fún Mùsíbáù ọmọ rẹ̀, pé wọn ò jẹ́ kí n bu iyẹ̀pẹ̀ sí ìyá mi, mi ò mọ̀.

Mùsíbáù gbá mi mú lápá, ó fà mí dìde, ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dà á.”

Mo bu yanrìn. Ó tutù. Mo dà á sí i, mo ní, “Màámi, èmi ni.”